Rover P5B tí wọ́n ní ìjọba ló lò ó rí: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ni?

Olólùfẹ́V8

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí lè gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi. Ó ti lé lọ́dún méje tí mo ti ń wá mọ́tò Rover 3.5 Litre, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní P5B, saloon tí òrùlé ẹ̀ ga ni mo fẹ́ o, kì í ṣe coupé tí òrùlé ẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí èyí tí nọ́ńbà pléètì ẹ̀ jẹ́ JGY 280 ní mùsíọ́ọ̀mù mọ́tò tó wà ní Gaydon, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ wà, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkàn mi ti kó síbẹ̀, mo dúró níwájú ẹ̀ títí ìyàwó mi fi lọ wá àga jókòó sí.

Sátidé tó kọjá mo lọ sí Shropshire lọ wo ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá kan. Mọ́tò náà rẹwà kọjá àfẹnusọ. Ó dúdú bíi kóró iṣin, awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó ẹ̀ látiwájú dẹ́yìn, igi ara dáṣíbọọ̀dù ń dán, ẹ wá fa ìsàlẹ̀ dáṣíbọọ̀dù yẹn síta báyìí, dúróà pẹrẹsẹ kan á yọ jáde tó jẹ́ irinṣẹ́ ló kún inú ẹ̀, kálukú wọn ló ní ihò tiẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún un, sípánà kan ò fara kan ìkejì. Bàbá yẹn ṣí i hàn mí, mi ò fẹ́ kó tì í padà.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Ó ní mọ́tò ìjọba ni, pé nígbà tí Rover fẹ́ dáwọ́ ẹ̀ dúró ní 1973, ìjọba ra èyí tó kù nílẹ̀ kó wọn pa mọ́, wọ́n wá ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan fáwọn mínísítà, ó ní ọ̀kan nínú wọn rèé. Torí ìtàn yìí ló ṣe ń béèrè £4,000 ju iye tí mo ti rí lórí àwọn tó jọ ọ́. Nọ́ńbà pléètì ẹ̀ parí sí H. Nọ́ńbà ṣásí ẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ fún un, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 840. Mítà ń ka 27,000 máìlì. V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, sọ pé èèyàn 6 ló ti ní in ṣáájú ẹ̀. Ìwé ríjísítà àkọ́kọ́, ó ní ó ti sọnù, ṣùgbọ́n ó ní àpò kan tí rìsíìtì àti ìwé MOT (àyẹ̀wò ọdọọdún fún mọ́tò) àtijọ́ wà nínú ẹ̀, ó sì jẹ́ kí n ya fọ́tò gbogbo ẹ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lohun tó sọ. Mo tún fẹ́ kẹ́ni tó mọ mọ́tò yìí dáadáa sọ ohun tó yẹ kí n wò lára ẹ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Bàbá_Solihull

Àbúrò, ẹ kú ìfẹ́ ohun rere. Ìtàn ti ìjọba yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni o, wọ́n rà á lóòótọ́, wọ́n kó o pa mọ́ lóòótọ́. Nínú àwọn olórí ìjọba, Harold Wilson lò ó, Edward Heath lò ó, James Callaghan lò ó, May 1979 tí Margaret Thatcher sì wọ Downing Street gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, P5B náà ló gbé e débẹ̀, ọdún 6 sígbà tí wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn. Kí ọ̀gá àgbà ìjọba ṣì máa gbé mọ́tò tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ti dẹ́kun rẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ lẹ́tà H yẹn ló ń dà mí láàmú. Àwọn mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ wọn sílẹ̀ láàárín August 1969 sí July 1970 ló máa ń gba H. P5B jáde lápá ìparí 1967, nítorí náà àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn F ni wọ́n ní. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní 1973, tí ìjọba kó pa mọ́, L ni yóò jẹ́ tàbí lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e. Mọ́tò H ò lè wà nínú àwọn tí wọ́n kó pa mọ́ ní 1973. Ṣé ẹ ti rí i pé ìtàn bàbá yẹn ò bá ara ẹ̀ mu.

840 yẹn dáa ṣá o. Saloon tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Bìrìtìkó níbí ló ń jẹ́ 840, coupé ni 845. Nítorí náà mọ́tò náà ò parọ́ nípa ara ẹ̀, ìtàn ni mo ń bẹ̀rù.

Àǹtí_Mọ́jí

Bàbá, mo dúró tì yín lórí ọ̀rọ̀ 1973 yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún un torí mo ti rí i tó tan èèyàn jẹ. Nọ́ńbà pléètì nìkan ò tó láti fi dájọ́. Lórílẹ̀-èdè yìí òfin ò gbà kéèyàn fi pléètì mú kí mọ́tò ẹ̀ dà bíi pé ó kéré lọ́jọ́ orí ju bó ṣe jẹ́, àmọ́ kò sóhun tó ní kẹ́ ẹ má fi pléètì àtijọ́ sára mọ́tò tó kéré sí i. H lè wà lára mọ́tò 1973 láìsí pé ẹnikẹ́ni rú òfin. Ibi tẹ́ ẹ máa wò ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú V5C yẹn gangan. Ẹ ní ẹ ní fọ́tò ẹ̀, ẹ lọ wò ó.

Ẹ má sì rò pé V5C ni ìwé tó ń fi hàn pé ẹnì kan ló ni mọ́tò o, àwọn DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, fúnra wọn ló kọ ọ́ sára ẹ̀. Ẹni tó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀ ló ń sọ, ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí tọ́rọ̀ bá délẹ̀. Ẹni tó fowó ra mọ́tò ló ni ín, rìsíìtì ló sì ń fi í hàn. Ìdí ẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ràn àpò rìsíìtì yẹn ju V5C lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ tò ó láti orí èyí tó pẹ́ jù, orúkọ ta ni wọ́n kọ, ìlú wo ni gáráàjì yẹn wà, máìlì mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ti rí rìsíìtì táyà ọdún 1974 tó tú àṣírí mọ́tò kan tí gbogbo èèyàn ti gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín láti ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹni tó ní in rí lẹ ń wá, fọ́ọ̀mù V888 wà tẹ́ ẹ lè fi béèrè lọ́wọ́ DVLA ní Swansea, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn ò ní ṣàdédé tú orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún yín, V5C tuntun gan-an kì í gbé orúkọ àwọn tó ti ní in mọ́, iye wọn nìkan ló ń sọ. Káwọn Swansea tó máa kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, káńsù ló ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ìwé káńsù mìíràn ṣì wà ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ àgbègbè yẹn, ti òmíràn ti ṣègbé. Ó yẹ kẹ́ ẹ kọ̀wé béèrè, kò ná yín ní nǹkan ńlá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ kọ̀wé sí mùsíọ́ọ̀mù Gaydon tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Heritage Certificate. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé ilé iṣẹ́ Rover wà. Wọ́n á sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ́tò náà, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, àwọ̀ inú ẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ẹ̀, àti ibi tí wọ́n gbé e lọ nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ Rover ní Solihull. Wọn ò ní sọ ẹni tó rà á o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ilé ìtajà kan ní ìlú kan ni wọ́n gbé e fún, ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Leicester

Èmi ò mọ̀ ju pé tí mọ́tò bá wu èèyàn, kó rà á. Ìtàn ò gbé èèyàn dé ibi iṣẹ́.

Àǹtí_Mọ́jí

Àbúrò mi, £4,000 ni wọ́n ń gbà lórí ìtàn yẹn. Tí wọ́n bá ta mọ́tò ní iye mọ́tò, mi ò ní sọ̀rọ̀.

Dèrò_Mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ n sọ ti ara mọ́tò torí ibẹ̀ ni mo mọ̀, mo ti tọ́jú mẹ́ta nínú ẹ̀ láti 2009, ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

1958 ni P5 jáde, David Bache ló ya àwòrán ẹ̀, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀, 3 lítà, ó rọra máa ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ ò tó mọ́tò tó tóbi tó yẹn. Ìgbà tí William Martin-Hurst tó jẹ́ ọ̀gá Rover lọ sí Amẹ́ríkà, ó rí V8 kan, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 8, tí Buick ti ṣe, tí wọ́n sì ti pa tì, àlùmíníọ́ọ̀mù ni gbogbo ẹ̀, kò wúwo rárá. Ní 1965 Rover gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é. B tó wà nínú P5B yẹn, Buick ni. 3528 cc, kábúrétọ̀ SU méjì, agbára ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ẹṣin 160, ọtomátíìkì Borg-Warner Type 35 onígíà 3 ni gbogbo wọn ní, kò sí aláfọwọ́fà kankan. Bíréèkì iwájú jẹ́ dísìkì, tẹ̀yìn jẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ó lè sáré dé nǹkan bíi máìlì 110 láàárín wákàtí kan, àmọ́ kì í ṣe eré ló dùn lára ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ dúró níbi iná pupa pẹ̀lú ẹ̀, ẹ wo omi tó wà nínú kọ́ọ̀pù yín, kò ní mì. Ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni wọ́n wá fi sínú P6, mọ́tò Rover mìíràn, ní 1968 àti Range Rover ní 1970, ẹ rí i pé ohun tí wọ́n gbé padà ti Amẹ́ríkà dé yẹn tọ́jú wọn fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ fetí sí ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń pa P5B, ìpẹtà ni. Bódì ẹ̀ ni egungun ẹ̀, tí ìpẹtà bá jẹ ẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́. Ẹ mú òòfà kékeré dání, kẹ́ ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má ba ọ̀dà jẹ́, ẹ rọra fà á gba orí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, àyíká táyà ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí òòfà bá ti jábọ́, fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò, ni wọ́n fi dí ibẹ̀, irin ò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dùbúlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ bódì.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ ìyà tèmi. Àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń dún bí ẹni ń súfèé, mo ti sanwó kí n tó délé, ìgbà tí mo gbé jáàkì sábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ni jáàkì gun òkè, tí mọ́tò ò gbéra, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo rí i pé jáàkì ń wọ inú irin lọ bí ìgbà téèyàn ti ìka bọ inú ẹ̀kọ. Wẹ́dà ló jẹ owó mi fún oṣù 5. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì.

Ti ẹ́ńjìnnì: ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fi antifreeze sínú omi ẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe torí yìnyín nìkan, àlùmíníọ́ọ̀mù ni, omi lásán á máa jẹ ẹ́ láti inú. Ọ́ìlì ẹ̀ náà, tí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ̀ dáadáa á dì bí ọ̀dà títì nínú ẹ̀, camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, á sì jẹ. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Epo pẹtiróòlù tó dáa jù ni kẹ́ ẹ máa rà fún un, wọ́n ṣe é fún epo alágbára nígbà yẹn, bẹ́ ẹ bá sì lè sá fún E10, epo tí wọ́n po ethanol mọ́, ẹ sá fún un, rọ́bà ìgbà yẹn ò mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára búlọ́ọ̀kù nítòsí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi wé ti Heritage Certificate tó bá dé. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n fi ti mọ́tò mìíràn sí i.

Mítà náà, nọ́ńbà 5 ló ní. Tó bá ti ka 99,999 á padà sí òdo. 27,000 lè jẹ́ 127,000 o. MOT ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ti 2005 síwájú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àtijọ́ wà nínú àpò yín yẹn. Pé kò ní MOT lọ́wọ́lọ́wọ́ kò túmọ̀ sí nǹkan, láti May 2018 mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún kò pọn dandan kó ṣe é mọ́.

Bàbá_Solihull

Dèrò ti sọ ọ́ tán. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kún un. Àbúrò, ẹ wo ọ̀dà tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Mọ́tò ìjọba dúdú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò ẹ̀ jọ ti ìjọba, dúdú ni yóò kùn ún. Àwọn tó ń kùn ún kì í dé ibi tí ojú kì í tó. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù, ẹ fa rọ́bà etí ilẹ̀kùn díẹ̀.

Olólùfẹ́V8

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo wo fọ́tò V5C yẹn, 1970 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí Gaydon. Mo tẹ́ àwọn rìsíìtì sílẹ̀ bí Àǹtí ṣe wí, mo máa padà wá.

Olólùfẹ́V8

Mo ti dé o, ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Certificate ti dé. Saloon ni, 1970 ni wọ́n ṣe é, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti èyí tí mo kà lára búlọ́ọ̀kù jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n ò gbé e lọ sí London rárá, ilé ìtajà kan ní Yorkshire ni wọ́n gbé e fún. Ọ̀dà ẹ̀ nígbà tó jáde: Burnt Grey, àwọ̀ eérú.

Mo padà sí Shropshire lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òòfà. Mo ṣí kápẹ́ẹ̀tì búùtù lápá òsì níbi tó ti ká, ibẹ̀ rí bí eérú iná àná, kì í ṣe dúdú. Mo fa rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, eérú náà ni. Bàbá yẹn wo ibẹ̀, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó wò ó fúnra ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ní ohun tí ẹni tó tà á fún òun sọ lòun náà sọ fún mi, mo sì gbà á gbọ́, ojú ẹ̀ fi hàn pé ó dùn ún.

Àwọn rìsíìtì wá sọ ìtàn tí mi ò retí. Ti 1971 títí dé 1984, orúkọ dókítà kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo ẹ̀, gáráàjì kan náà ló ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ ní gbogbo 5,000 máìlì bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Lórí rìsíìtì kan ní ìgbà òtútù 1979, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n tètè parí ẹ̀ kó tó di ọ̀sán torí ó fẹ́ lọ wo aláìsàn. Mo ka ìlà yẹn bí ìgbà mẹ́ta. MOT 1991 ka 88,000, ti 1996 ka 03,000. Dèrò, bẹ́ ẹ ṣe sọ gan-an ni, 127,000 ni.

Òòfà dì mú níbi gbogbo àfi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì. Ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ bódì le koko, mo gbé jáàkì sí i níṣojú bàbá.

Ó yọ £4,000 yẹn kúrò, ó tún yọ owó ilẹ̀kùn méjì lórí ẹ̀. Mo ti rà á. Ó wà níwájú ilé bí mo ṣe ń tẹ èyí, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ wà á dé títì ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí èyí: ṣé kí n fi í sílẹ̀ ní dúdú tó wà yìí àbí kí n dá a padà sí Burnt Grey?

Dèrò_Mẹkáníìkì

Ẹ kú oríire o!! Ẹ ṣe ilẹ̀kùn yẹn ná kẹ́ ẹ tó ronú ọ̀dà. Ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ wọn, ẹ rí i pé wọ́n ṣí sílẹ̀, torí dídí tí wọ́n dí ló jẹ́ kó dípẹtà. Tí wẹ́dà bá ti parí, ẹ fi epo tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà sínú ẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún.

Àǹtí_Mọ́jí

Ẹ kó rìsíìtì dókítà yẹn sínú fáìlì oníláìlọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ pa mọ́ síbòmíì. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ tiyín àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á sórí ewé kan, kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn wọn.

Bàbá_Solihull

Burnt Grey ni, àbúrò. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí dókítà ń gbé e lọ wo aláìsàn.